Gíà ọ́tò

gíà ọ́tò (ọ̀rọ̀-orúkọ, àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì). Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tí ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, tí ń fi í ránṣẹ́ sí táyà, tí ó sì ń yí ipele gíà padà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé awakọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ọkọ̀ ọ́tò, tàbí ọ́tò lásán. Òdìkejì rẹ̀ ni gíà máńúà.

*Ọ́tò ni ọkọ̀ tí ó ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò mọ máńúà wà.*
*Bí ọkọ̀ náà bá ti gbóná, gíà rẹ̀ kì í mú mọ́.*

Ìtumọ̀ gíà

Ọ̀rọ̀ gíà gbòòrò ju bí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń rò lọ. Lẹ́nu awakọ̀ àti mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ kẹ̀kẹ́ irin eléyín kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ ipele tí ọkọ̀ wà, bíi gíà kìn-ín-ní tàbí gíà kejì. Ó lè jẹ́ ọ̀pá tí awakọ̀ ń fà. Ó sì lè jẹ́ gbogbo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn bíi *Gíà rẹ̀ ti bàjẹ́* kò tíì sọ ohun tí a ó tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ okùn ọ̀pá gíà ni ó já, okùn kan ni a ó pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ àpótí ni, a ó sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, owó ńlá sì ni. Olùtumọ̀ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́: *kẹ̀kẹ́ eléyín*, *ipele gíà*, *ọ̀pá gíà*, *àpótí gíà*. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ẹni tí yóò sọ gbogbo èyí, kò sì yẹ kí a fi í sí ẹnu ẹ̀dá ìtàn tí ó jẹ́ awakọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọkọ̀ máńúà, àwo kílọ́ọ̀ṣì ni ó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, ọ́ìlì ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí a bá gbé fáànù méjì kọjú sí ara wọn, tí a tan ọ̀kan, tí a kò sì tan èkejì, atẹ́gùn tí ó ń jáde láti ara èkíní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí èkejì. Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà ọ́tò, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ni ó wà níbẹ̀ dípò atẹ́gùn, inú igbá irin kan tí a dé pa ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Abẹ́ kan ń bá ẹ́ńjìnì yí, ó ń fọ́n ọ́ìlì lu abẹ́ kejì tí ó so mọ́ gíà. Abẹ́ kékeré kẹta wà láàárín wọn tí ń darí ọ́ìlì tí ó ń padà bọ̀, kí ó má ba à dènà abẹ́ àkọ́kọ́. Abẹ́ kẹta yìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lè sọ agbára ìyípo di púpọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Hermann Föttinger, ará Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ó ní lọ́kàn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì igbá náà ni torque converter. Ìwé atúmọ̀ èdè yìí dámọ̀ràn *igbá ọ́ìlì*, nítorí pé ìrísí rẹ̀ jọ igbá méjì tí a dé mọ́ ara wọn, ẹni tí ó bá sì rí i nílẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n.

Nítorí ọ́ìlì ni ó wà láàárín wọn ni awakọ̀ fi lè tẹ bíréèkì dúró lójú títì, tí gíà wà ní D, tí ẹ́ńjìnì kò sì kú. Ṣùgbọ́n abẹ́ kejì kì í yára tó ti àkọ́kọ́ pátápátá, ìyàtọ̀ náà sì ń di ooru, ó ń jẹ epo lásán. Láti dín èyí kù, kílọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà nínú igbá ọ́ìlì tí ń so àwọn méjèèjì pọ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré déédéé.

Lẹ́yìn igbá ọ́ìlì ni àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín wà. Kẹ̀kẹ́ kan wà ní àárín. Àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń pòyì yí i ká. Férémù kan di àwọn wẹ́wẹ́ náà mú. Òrùka tí eyín rẹ̀ kọjú sínú sì yí gbogbo wọn ká. Àwọn olùtumọ̀ kan ti fi oòrùn àti ìràwọ̀ pe àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí nítorí orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò mọ ìdí rẹ̀. *Kẹ̀kẹ́ àárín*, *kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́* àti *òrùka eléyín* sàn jù.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé a kò ní láti ti kẹ̀kẹ́ kankan wọlé tàbí fà á jáde. Gbogbo wọn ti wọnú ara wọn tẹ́lẹ̀. Èyí tí a dì mú ni ó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ti rìn. Ká ní kẹ̀kẹ́ àárín ní eyín 30, tí òrùka ní eyín 70. Bí a bá di òrùka mú, tí agbára gba ara kẹ̀kẹ́ àárín wọlé, tí ó gba ara férémù jáde, kẹ̀kẹ́ àárín yóò yí ní ìgbà 3.33 kí férémù tó yí lẹ́ẹ̀kan: ọkọ̀ lágbára, kò yára. Bí a bá di kẹ̀kẹ́ àárín mú, tí agbára gba ara òrùka wọlé, òrùka yóò yí ní ìgbà 1.43 fún ìyípo kan férémù. Bí a bá so méjì nínú wọn pọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò máa yí bí ẹyọ kan. Bí férémù ni a bá dì mú, òrùka yóò yí sẹ́yìn: rìfáàsì nìyẹn. Àwọn ohun tí ń dì wọ́n mú ni àwo kílọ́ọ̀ṣì tí a tò léra, àti nínú àwọn gíà kan, bẹ́líìtì irin tí ń fún ìlù kan pinpin. Ìtẹ̀ ọ́ìlì ni ó ń pa àwo wọ̀nyí pọ̀, páǹpù kan tí ẹ́ńjìnì ń yí ni ó sì ń pèsè ìtẹ̀ náà.

Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀

Hydra-Matic tí General Motors gbé jáde ní 1939, tí a kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti 1940, kò ní wáyà iná kan tí ń darí rẹ̀. Ìtẹ̀ ọ́ìlì àti féèfù ni ó ń mọ ìgbà tí ó yẹ láti yí gíà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Láti àwọn ọdún 1980 ni kọ̀ǹpútà ti ń gba ìpinnu náà lọ́wọ́ féèfù. Ọ́ìlì ṣì ni ó ń ṣe iṣẹ́ agbára. Kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ.

Lórí àpótí gíà ni sẹ́ńsọ̀ wà tí ń ka bí agbára ṣe ń yára wọlé, òmíràn ń ka bí ó ṣe ń yára jáde. Òmíràn ń wọn ooru ọ́ìlì. Súìṣì kan ń sọ ibi tí ọ̀pá gíà wà. Láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ bí awakọ̀ ti tẹná tó, ó sì ń mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ó fi gbogbo èyí wé àtẹ tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti kọ sínú rẹ̀, ó sì rán iná sí sọ́lẹ́nọ́ìdì. Wáyà tí a lọ́ yí irin ká ni sọ́lẹ́nọ́ìdì; bí iná bá dé ibẹ̀, irin yóò sún, ojú ọ̀nà ọ́ìlì yóò ṣí tàbí yóò pa. Awakọ̀ tí ó bá tẹná jẹ́jẹ́ yóò rí i pé gíà kejì tètè wọlé. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti yọ níwájú tírélà, gíà yóò já wálẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí agbára. Ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tí gíà fi ń yí, kọ̀ǹpútà gíà tún máa ń bẹ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì pé kí ó dín agbára kù díẹ̀, kí ọkọ̀ má fò.

Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti mọ iye ìyípo tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, ó lè pín ọ̀kan fún èkejì. Bí ó bá pàṣẹ gíà tí ìdáhùn rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 3.33, tí ó wá rí 4, ó mọ̀ pé àwo kan ń yọ̀ níbì kan. Yóò kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kóòdù, yóò tan iná ẹ́ńjìnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú àwọn ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996, tí púpọ̀ nínú wọn ń wọ Nàìjíríà bíi tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ kóòdù gíà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P07. P0730 ń sọ pé ìpín náà kò tọ̀nà. P0741 ń sọ nípa kílọ́ọ̀ṣì inú igbá ọ́ìlì. P0750 ń sọ nípa sọ́lẹ́nọ́ìdì àkọ́kọ́. Kóòdù kì í dárúkọ ohun tí ó bàjẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni ó ń sọ, wáyà tí eku jẹ sì lè mú kí ó rí ohun kan náà pẹ̀lú sọ́lẹ́nọ́ìdì tí ó kú. Nítorí náà, *kóòdù fi hàn pé* ni ó yẹ kí olùtumọ̀ kọ, kì í ṣe *kóòdù sọ pé ... ti bàjẹ́*. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè. Àpótí gíà tí kò ṣe nǹkan kan ni a máa ń sọ kalẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ tí ó wọ ibi tí kò yẹ.

Bí ẹ̀sùn náà bá le, kọ̀ǹpútà yóò di gíà mú sí ipele kan, gíà kẹta nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kí awakọ̀ lè rọra dé ilé. Gẹ̀ẹ́sì fi ìrìn arọ ṣe àfiwé èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ní Yorùbá pé *ọkọ̀ ń tiro*, ẹni tí ó gbọ́ yóò wo táyà. *Gíà ti há sí ojú kan* ni ó yé gbogbo ènìyàn.

Àkíyèsí lórí ọ̀rọ̀-ìṣe

*Wọ gíà*, *yí gíà* àti *já gíà* ni iṣẹ́ awakọ̀. *Wọlé* àti *mú* ni iṣẹ́ gíà fúnra rẹ̀. Gíà tí kò wọlé ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kọ̀ láti lọ sí ibi tí a ń tì í sí. Ẹ̀sùn máńúà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Gíà tí kò mú ni èyí tí ẹ́ńjìnì ń pariwo tí ọkọ̀ kò sì lọ.

Ibi tí àmì ohùn ti ṣe pàtàkì jù ni *yọ* àti *yọ̀*. *Gíà ń yọ*, pẹ̀lú ohùn àárín, túmọ̀ sí pé ọ̀pá gíà máńúà ń jáde fúnra rẹ̀ bọ́ sí fírí. *Gíà ń yọ̀*, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, túmọ̀ sí pé àwo kílọ́ọ̀ṣì inú gíà ọ́tò kò di ara wọn mú mọ́. Àtúnṣe àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá. Nínú ìwé tí a kò fi àmì sí, kò sí bí mẹkáníìkì ṣe lè mọ èyí tí oníbàárà ní lọ́kàn, àfi bí ó bá mọ irú ọkọ̀ náà.

Ọ́ìlì, epo, òróró, omi

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ohun tí ó wà nínú gíà ọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọ́ìlì. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń ṣàn ni, lẹ́tà ATF sì ni ìkékúrú rẹ̀. Èyí ti mú kí àwọn kan kọ *omi gíà*. Kò yẹ kí a kọ ọ́ báyìí láé: omi tí ó bá wọ gíà ọ́tò máa ń mú kí àwọ̀ ara àwo kílọ́ọ̀ṣì wú, kí ó sì ṣí kúrò lára irin. *Epo* jẹ́ epo pupa nílé ìdáná, ó sì jẹ́ bẹntiróòlù nílé epo. *Òróró* jẹ́ ti oúnjẹ. *Ọ́ìlì* ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ṣùgbọ́n òun náà ní ìṣòro tirẹ̀: bí ènìyàn bá béèrè *ọ́ìlì gíà* lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, ó lè gba ọ́ìlì nínípọn tí a ń dà sínú gíà máńúà. Èyí kò lè ṣàn gba ojú ọ̀nà tóóró tí ó wà nínú ilé féèfù. Kí a kọ *ọ́ìlì gíà ọ́tò*, kí a sì fi lẹ́tà ATF àti irú rẹ̀ tì í gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ti kọ ọ́. Toyota Camry ẹlẹ́ńjìnì 2.4 ti 2002 sí 2004, bí àpẹẹrẹ, ní gíà U241E onípele mẹ́rin, Type T-IV sì ni ọ́ìlì rẹ̀. Ọ́ìlì WS tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe orúkọ mìíràn fún ohun kan náà. Orúkọ wọ̀nyí kò ṣe é tú.

Ìtọ́jú

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ awakọ̀ Nàìjíríà, *ṣe sáfíìsì* kò ju pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, fílítà rẹ̀ àti púlọ́ọ̀gì lọ. Kò kan gíà. Bí ìwé bá pàṣẹ ìtọ́jú gíà, *pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ọ́tò* ni kí a kọ, kí ó má ba à jẹ́ pé oníǹkan ti lọ ṣe sáfíìsì lẹ́ẹ̀mẹwàá tí ọ́ìlì gíà rẹ̀ sì ti dúdú.

Géèjì ni a fi ń wo ọ́ìlì. Nínú Camry tí a sọ lókè, inú gbígbóná ni a ti ń wò ó: a ó wa ọkọ̀ títí tí yóò fi gbóná, a ó dúró sí ilẹ̀ títẹ́jú, a ó fa ọ̀pá gíà gba gbogbo ipò rẹ̀ kọjá, a ó dá a padà sí P, a kò sì ní pa ẹ́ńjìnì. Èyí yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí a ń pa ọkọ̀ kí a tó wò. Ẹni tí ó bá tú ìlànà méjèèjì ní ọ̀rọ̀ kan náà yóò mú kí oníǹkan ṣi ìwọ̀n ọ́ìlì náà kà, nítorí ọ́ìlì gíà kì í dúró sí ojú ibi kan náà bí ẹ́ńjìnì bá kú. Àwọn gíà mìíràn, bíi U660E onípele mẹ́fà ti Toyota, kò ní géèjì rárá. Lábẹ́ àpótí ni ihò wà tí a fi ń mọ̀ bí ó bá kún, ó sì ní ìwọ̀n ooru tí a gbọ́dọ̀ wò ó sí.

Ọ̀pọ̀ ATF máa ń pupa nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun. Bí ó bá di àwọ̀ ilẹ̀ tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, àwo ti ń jó. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì tí a po mọ́ pupa, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀, nítorí inú rédíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń tu ọ́ìlì gíà lára. Ẹ̀sùn yìí kò gba ìdádúró ọjọ́ kan.

Bí a bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì ni yóò jáde: ohun tí ó wà nínú igbá ọ́ìlì kò lè sàn wálẹ̀, nínú U241E sì rèé, ó kéré sí ìdajì ni ó ń jáde. Nítorí náà, *fa ọ́ìlì jáde* kò túmọ̀ sí *fa gbogbo ọ́ìlì jáde*. A ó wọn èyí tí ó jáde, a ó sì da iye kan náà padà. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú àwo ìsàlẹ̀; ìyẹ̀fun irin kíkúnná lára rẹ̀ kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ẹ́rẹ́ irin tí a lè fi ìka mú jẹ́ ìròyìn burúkú.

Ẹni tí a ń pè ní *ríwáyà* ni ó yẹ kí ó wọn sọ́lẹ́nọ́ìdì kí mẹkáníìkì tó tú ohunkóhun. Nínú ọ̀pọ̀ gíà Toyota, sọ́lẹ́nọ́ìdì ìyípadà gíà máa ń ka láàárín 11 àti 15 ohm nígbà tí ó bá tutù. Bí ó bá ka òdo, tàbí tí kò ka nǹkan kan, a ti rí i.

Àṣà pípààrọ̀ àpótí gíà lódindi pẹ̀lú tòkunbọ̀ wọ́pọ̀, ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti níbòmíràn. Kí àpótí méjì jọra lójú kò tó. Àpótí onípele márùn-ún U250E kò lè bá kọ̀ǹpútà tí a kọ fún U241E onípele mẹ́rin sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Camry ni a ti tú àwọn méjèèjì.

P, R, N, D

Nínú ìwé, kí a fi àwọn lẹ́tà yìí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lára ọkọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, R ni *rìfáàsì*, N sì ni *fírí*. Awakọ̀ púpọ̀ kì í pe N ní orúkọ mìíràn. P ni *páàkì*, ibẹ̀ ni ìṣọ́ra wà, nítorí *páàkì ọkọ̀* jẹ́ gbígbé ọkọ̀ dúró síbì kan, ọ̀nà yòówù kí a gbà ṣe é. *Ó ti páàkì ọkọ̀ náà* kò sọ pé ọ̀pá gíà wà ní P. Ní ibi ìkìlọ̀, *fi ọ̀pá gíà sí P* ni kí a kọ, kí a sì fi *fa bíréèkì ọwọ́* kún un.

Títì àti fífà

*Ẹ bá mi ti ọkọ̀ yìí* jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n títì kò lè mú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ọ́tò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, páǹpù ọ́ìlì kò yí. Bí páǹpù kò bá yí, kò sí ìtẹ̀ tí yóò di àwo kílọ́ọ̀ṣì mú, táyà kò sì lè yí ẹ́ńjìnì padà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fi okùn fa ọkọ̀ ọ́tò lọ sí ibi jíjìn nígbà tí táyà tí agbára ń lọ sí bá wà nílẹ̀: àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín ń yí nínú àpótí, kò sì sí ọ́ìlì tí ń dé ara wọn. Kí a gbé táyà yẹn kúrò nílẹ̀, tàbí kí a gbé gbogbo ọkọ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Yorùbá ń lo *fa ọkọ̀* fún fífi okùn fà á àti fún fífi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, *fi okùn fà* àti *gbé sókè fà* ni kí a fi yà wọ́n.